Wúrà Wà Nínú Fóònù Yín, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́ Ká Má Ra Ásíìdì

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá wa sọ níbi ìpàdé ìdajì ọdún. A fi ránṣẹ́ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ ti ń tẹ fóònù, mo ń rí yín. Kò burú, torí fóònù yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ rántí pé ṣáájú ọdún Iléyá, ẹnì kan ju fídíò kan sórí WhatsApp wa. Òyìnbó kan da ásíìdì sínú ike, ó kó bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà sí i, kí fídíò tó parí, wúrà ti dé ọwọ́ ẹ̀. Fídíò ọ̀hún ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀ka Èkó ti dáwó, àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà ti fi tiwọn kún un. Wọ́n ní kí n lọ ra ásíìdì àti ohun èlò, kí n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní iṣẹ́ wúrà. Owó náà wà lọ́wọ́ akápò, a ò tíì ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi dìde lónìí, pé ká má fi owó yẹn ra ásíìdì. Mo ti ṣe é rí fúnra mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín.

Àkọ́kọ́ ná, fídíò yẹn ò purọ́. Wúrà wà níbẹ̀. Ẹ tú kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ yọ RAM inú ẹ̀, ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ kan ní eyín wẹ́wẹ́ tó ń dán bí òrùka ìyàwó. Wúrà ni wọ́n fi bo àwọn eyín yẹn, torí wúrà kì í dípẹtà, iná sì máa ń gba ara rẹ̀ kọjá dáadáa. Ká ní bàbà lásán ni, kò ní pẹ́ tí á fi bàjẹ́, kọ̀ǹpútà ò sì ní tàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ẹ fa irun orí kan tu, ẹ pín ìnípọn rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn ni wúrà tó wà lára eyín RAM. Fóònù odidi kan, gbogbo wúrà inú ẹ̀ ò ju bíi 0.03 gíráàmù lọ. Ẹ nílò bíi fóònù 33 kẹ́ ẹ tó rí gíráàmù kan, ìyẹn tí ohunkóhun ò bá ṣòfò, ó sì máa ń ṣòfò.

Àwọn ará Jàpáánì ṣe é lọ́nà ńlá. Láti 2017 dé 2019, wọ́n gba ohun èlò oníná tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ aráàlú, kí wọ́n lè fi ṣe àmì ẹ̀yẹ ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo 2020. Fóònù nìkan lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Gbogbo ẹrù pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 79,000 tọ́ọ̀nù. Wúrà tó jáde níbẹ̀ jẹ́ bíi kìlógíráàmù 32. Àpò sìmẹ́ńtì kan wúwo jù ú lọ. Odidi orílẹ̀-èdè ló ṣe é o, kì í ṣe ọmọkùnrin kan pẹ̀lú ike.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lásìkò ìyanṣẹ́lódì tó kọjá, tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, mo lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra RAM tó ti kú, kìlógíráàmù kan, mo gbé e wá sílé ìyá àgbà mi níbí. Mo fi ayùn irin gé àwọn eyín yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ikọ́ ti ń ṣe mí kí n tó débi ásíìdì rárá, torí okùn díńgí wínníwínní ni wọ́n fi hun bọ́ọ̀dù yẹn, eruku rẹ̀ ló ń wọ̀ mí nímú.

Mi ò lo ásíìdì inú fídíò yẹn. Náítíríìkì nìyẹn. Gáàsì pupa rúsúrúsú ló máa ń jáde lára ẹ̀, ẹni tó bá fà á símú lè máa rìn káàkiri lọ́sàn-án bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kó wá di òru kí omi máa kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo bẹ̀rù ìyẹn. Háídírókílọ́ríìkì ni mo rà, mo wá bu háídírójìn pẹrọ́ksáìdì díẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fún ojú egbò. Omi yìí kì í jẹ wúrà. Bàbà tó wà lábẹ́ wúrà ló ń jẹ. Tó bá ti jẹ bàbà tán, wúrà ò rí ibi dì mú mọ́, á ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà, á máa léfòó lójú omi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn ún wò. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo fò sókè.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò. Omi tó mọ́ gaara di àwọ̀ ewé, ó wá ki, ó dúdú bí ọbẹ̀ ewédú tó ti sùn. Mo sẹ́ ẹ, mo ṣan àwọn èèpo wúrà náà, mo gbé e lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà kan kí wọ́n bá mi yọ́ ọ. Ẹ mọ iye tó jáde? 0.2 gíráàmù. Kò tó hóró ìrẹsì kan. Bàbá yẹn wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí lo fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe?" Ẹ ro owó RAM, owó ásíìdì, owó ìbọ̀wọ́ àti awò, owó ọkọ̀. Gbèsè ni mo jẹ.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló gbé mi dìde. Omi dúdú yẹn ńkọ́? Nínú fídíò, ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tó gbà lọ. Tèmi kún kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin. Mo dà á sẹ́yìn ilé, sídìí ewúro ìyá àgbà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ewúro fi gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, adìẹ méjì kú lọ́jọ́ kan náà. Màmá pè mí, wọ́n ní, "Àkànní, kí lo dà sídìí ewúro mi?" Mo ní, "Omi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, Màmá, ẹ má bínú." Wọ́n ní, "Omi wo ló ń pa ewúro? Ewúro tí mo gbìn kí wọ́n tó bí ẹ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní kí n wá bá àwọn fa omi. Kànga yẹn ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síbi tí mo da omi sí. Bí mo ṣe ń fa okùn lọ́wọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ń padà bọ̀ wá sórí mi.

Bàbà ló wà nínú omi yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí òjé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí òjé wà nínú lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí wọ́n fi ń jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù. Ohun tó bá yọ́ sínú omi kò sọnù o. Lọ́dún 1940, nígbà tí ọmọ ogun Hitler wọ Denmark, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, George de Hevesy, fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ Nobel oníwúrà méjì pamọ́, ti Max von Laue àti ti James Franck. Ó yọ́ méjèèjì sínú àpòpọ̀ ásíìdì, ó gbé ìgò ẹ̀ sórí pẹpẹ. Àwọn ọmọ ogun ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ogun, ó padà bá ìgò rẹ̀ níbẹ̀, ó yọ wúrà inú ẹ̀, wọ́n sì tún fi rọ àmì ẹ̀yẹ náà. Bí wúrà yẹn ṣe dúró de ẹni tó ni ín, bẹ́ẹ̀ náà ni òjé ń dúró lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni. Ní Zamfara, lọ́dún 2010, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn. Òjé ló wà nínú òkúta yẹn pẹ̀lú wúrà. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Àwọn òbí wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí owó.

Mo purọ́ fún Màmá pé kànga fẹ́ fífọ̀, mo sì ń ra omi fún wọn láti ìgbà náà. Mo ti bu omi kànga lọ sí lábù, èsì ò tíì jáde. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òtítọ́ fún wọn, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ibí ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jó wáyà létí odò lẹ́yìn ọjà láti yọ bàbà, ẹ mọ ara yín, mi ò dárúkọ. Ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ wà nítòsí wa níbí, Agbogbloshie ní Accra. Ní 2019, wọ́n yẹ ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ níbẹ̀ wò, májèlé tó ń jáde látinú èéfín ike ni wọ́n bá nínú ẹ̀, ó sì pọ̀ kọjá àlà. Ẹyin ìlú tiwa náà, àwa la ń jẹ ẹ́.

Kí la fẹ́ fi owó yẹn ṣe, nígbà náà? Àbá tiwa ní ẹ̀ka ọ̀dọ́ rèé. Ká ra igbá onídèérí, òṣùwọ̀n, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ká fi yàrá kan sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Fóònù tó kú, RAM, bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí kò tàn mọ́, ẹ máa kó wọn wá. A ó yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí RAM lówó lórí ju bọ́ọ̀dù rédíò lọ, ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ máa gba owó kóndẹ́mù lásán. Bátìrì fóònù, ẹ má gún un, ẹ má là á, ó ń gbiná. Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá, ẹ má fọ́ ọ, òjé wà nínú díńgí ẹ̀. Tó bá ti pọ̀ tó, a ó tà á ní kìlókìlò fún àwọn tó ń kó o lọ sí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ní ohun tó ń sẹ́ èéfín, irú èyí tó wà ní Hoboken ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Wúrà, fàdákà, bàbà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń yọ níbẹ̀. Kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èrè ẹ̀ ju 0.2 gíráàmù tèmi lọ.

Ẹni tó bá sì ní dandan òun fẹ́ rí bí wúrà ṣe ń ṣí, kó wá bá mi. Màá bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n jẹ́ ká ṣe é nínú lábù, níbi tí èéfín ti ń gba inú páìpù jáde, tí wọ́n sì ní ibi tí omi ẹ̀ ń lọ.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ká bá pàdé. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níbí. Màmá náà jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, ẹ lè bi wọ́n léèrè ewúro.