Ẹ́ńjìnì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Kí Ló Ń Jẹ Epo Wa?

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń tú èéfín dúdú.

Ta ni kò mọ Peugeot 504? Ọdún 1968 ni ó jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. Ara ọkọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì a máa gbó. Nítorí náà, àwọn kan ń yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, wọ́n ń fi ti ọkọ̀ ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ń dé: ọkọ̀ ń mu epo bí ẹni ń mu omi.

Kí ló fà á? Nínú ọ̀pọ̀ 504, kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnì ìgbàlódé kò ní kábúrétọ̀. Pọ́ǹpù ń ti epo, nọ́súlù ń fọ́n ọn, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì ń sọ iye tí yóò fọ́n. Kọ̀ǹpútà yìí kò ní ojú. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ó ń bi léèrè: ẹ́ńjìnì ti gbóná bí? Afẹ́fẹ́ tó wọlé ti tó? Bí sẹ́ńsọ̀ bá parọ́ fún un, epo yóò pọ̀ jù.

Ẹ wo èéfín. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ti pọ̀ jù. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, òróró ẹ́ńjìnì ni ó ń jó. Ẹ tú pùlọ́ọ̀gì, tí àwọn mìíràn ń pè ní bùjí. Ṣé ó dúdú bí ìdí ìkòkò? Epo ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó kpayo ti kúrò ní ti tẹ́lẹ̀. Epo tó pọ̀ jù ń fọ òróró kúrò lára písítìnì, ẹ́ńjìnì a sì tètè gbó. Májèlé tí kò ní òórùn wà nínú èéfín náà. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnì nínú ilé tí a tì, ó ń pa ènìyàn.

Kí ẹ tó ra nọ́súlù tuntun, ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹ nǹkan wọ̀nyí wò. Kí iná àti sìgá jìnnà.

1. Fílítà afẹ́fẹ́. Bí eruku bá ti dí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

2. Tamositáàtì. Ìlẹ̀kùn kékeré ni, ó ń dí ọ̀nà omi radíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná. Àwọn kan ń yọ ọ́ sọnù kí ẹ́ńjìnì má baà gbóná jù. Ẹ́ńjìnì kò ní gbóná tó mọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa fún un ní epo òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ dá a padà.

3. Wáyà sẹ́ńsọ̀ tí ń wo ìgbóná omi. Ó lè já nígbà tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì wọlé.

4. Páìpù tí ń dá epo padà sí táńkì. Bí ó bá dí, tàbí tí ó tín-ín-rín jù, agbára epo yóò pọ̀ lẹ́nu nọ́súlù.

5. Ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n agbára epo. Ẹ yọ rọ́bà kékeré tó wà lórí rẹ̀. Bí epo bá wà nínú rọ́bà náà, awọ inú ẹ̀rọ ti ya.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Ẹ rọ epo kún táńkì, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀. Bí ẹ bá tún rọ ọ́ kún, ẹ kọ iye lítà. Bí àpẹẹrẹ: lítà 45 fún kìlómítà 300 jẹ́ lítà 15 fún kìlómítà 100. Ẹ ṣe é ṣáájú àtúnṣe, ẹ tún ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ ti dára, ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ kà á fún wọn.