Ọkọ̀ Tí Yóò Sáré, Ẹ Jẹ́ Kí Ó Kọ́kọ́ Lè Dúró

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jáde láti inú lẹ́tà kan tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ sọ pé bàbá òun tí ó ti di olóògbé fi ọkọ̀ Píjò 504 kan sílẹ̀ fún òun, oríṣi onílẹ̀kùn méjì tí a ṣe fún eré sísá. Ọkọ̀ náà ti wà nínú gáréèjì fún ọdún púpọ̀ láìrìn. Ní gbogbo Sátidé ni ó ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó sì fẹ́ wà á lọ sí ilé ní Ìjẹ̀bú ní ọjọ́ ìrántí bàbá náà. Aya rẹ̀ ní kí ó kúkú tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ó wá ń bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkàn òun fà sí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Rárá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ọmọ tọ́jú ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, bí owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò bá ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí arákùnrin wa kò bi mí, òun ni ó sì wúwo jù. Nínú ojú ewé méjì tí ó kọ, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà, ó sọ̀rọ̀ nípa bí ìró ọkọ̀ náà ṣe dùn létí. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nípa bíréèkì, kò sì dárúkọ táyà. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú gbogbo yín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tí a ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde, ní ọdún 1969 ó sì gba oyè ọkọ̀ tí ó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù. Ọdún 1969 kan náà ni onílẹ̀kùn méjì náà jáde, èyí tí Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to Píjò pọ̀ ní Kàdúná, kò sì pẹ́ tí 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin fi kún gbogbo títì wa. Nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, 504 ni ó gba ipò kìíní ní ọdún 1975. Ní ọdún 1978, onílẹ̀kùn méjì ni ó borí, Jean-Pierre Nicolas ni ó wà á. Ẹ má ṣe rò pé agbára ẹ́ńjìnì nìkan ni ó gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ la ẹrẹ̀ àti eruku kọjá. Awakọ̀ tí kò lè dín eré kù ní kọ̀rọ̀ kò lè dé òpin ìdíje.

Nítorí náà, ìlànà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání lónìí kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kí a tó kan ohun tí ń mú un sáré. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kọ̀ yóò jókòó sí gáréèjì, yóò sì máa wo olówó rẹ̀. Èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún dáadáa tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, òun ni ó ń sọ aya di opó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi bíréèkì. Omi yìí a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́, omi lásán yóò ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí awakọ̀ bá wá ń tẹ bíréèkì léraléra tí ó sì gbóná, omi náà yóò hó, yóò di ooru, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì wọlẹ̀ lófo. Ẹ fa ti àtijọ́ jáde pátápátá, ẹ rọ tuntun sí i láti inú agolo tí a kò tíì ṣí rí, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ẹ má ṣe rọ epo ẹ́ńjìnì sí ibẹ̀ láé, nítorí yóò mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, yóò sì bà á jẹ́. Páìpù rọ́bà tí ó lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Bí ó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe so ó.

Ti táyà ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo eyín táyà nìkan, wọn a ní ó ṣì dára. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rin ìrìn kankan. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ní òpin ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí a ṣe é. Bí ẹ bá rí 2315, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, a ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé; bí ó ti wù kí ó dán tó, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wọ abẹ́ ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ikú ti ń ṣọ́ ẹni tí ń ṣe àtúnṣe nílé. Jáàkì wà láti gbé ọkọ̀ sókè; a kò ṣe é láti gbé ọkọ̀ dúró lórí ènìyàn. Orí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ fi igi tàbí òkúta dí táyà tí ó kù nílẹ̀, kí ẹ sì ki irin ẹlẹ́sẹ̀ tí a ṣe fún gbígbé ọkọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe lo búlọ́ọ̀kù ilé kíkọ́. Búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lójijì, kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Táyà tí ẹ tú, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀, kí ó lè gba ọkọ̀ bí ohun tí ó gbé e bá yẹ̀. Ẹ ti ọkọ̀ náà dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ kí orí yín tó wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan sì wà nítòsí tí yóò gbọ́ bí ẹ bá pè.

Ewu kejì kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Inú èéfín ẹ́ńjìnì ni ó wà, carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Nígbà òjò Bìní tí a mọ̀ yìí, a máa ń wu ènìyàn láti ti ìlẹ̀kùn gáréèjì kí ó sì tan ẹ́ńjìnì wò. Ẹ má ṣe dán an wò. Gáàsì náà yóò gba ipò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, orí yóò máa fọ́, oorun yóò máa kun ènìyàn, oorun náà sì lè di àsùn-ùn-jí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sínú gáréèjì kí olè má bàa jí i.

Ẹ̀kẹta ni bẹntiróòlù. Ẹ má ṣe fi fọ irin ẹ́ńjìnì. Ooru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a máa rá ní ilẹ̀ títí yóò fi kan sítóòfù tàbí iná tí ń ta pàrà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Epo ẹ́ńjìnì tí ẹ sì fà jáde, ẹ má ṣe dà á sílẹ̀, nítorí inú ilẹ̀ yìí kan náà ni omi kànga àti omi ẹ̀rọ wa ti ń wá.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ lè wá yípadà sí ẹ́ńjìnì tí ẹ fẹ́ràn. Bí ti arákùnrin wa bá jẹ́ onípístìn mẹ́rin, ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ bá ti onílẹ̀kùn mẹ́rin mu, ó sì lè wá wọn lọ sí ọjà Uwelu. Kí ó mú ògbólógbòó náà dání láti fi wé èyí tí wọn yóò tà fún un. Kí ó má ṣe ra rọ́bà bíréèkì àlòkù, bí ó ti wù kí ó pọ́n tó. Kí ó rí i pé rédíétọ̀ kò dí, nítorí álúmíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì náà. Bí ó bá gbóná jù, yóò wọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó pe ọ̀gá mẹkáníìkì kan láti yẹ bíréèkì àti ìdarí ọkọ̀ wò. Ojú kan kì í rí gbogbo nǹkan.

Ẹ̀yin ará, ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì tí a gbé jáde ní ọdún 1992 sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ó fi ìmutípara tàbí ìfẹ́ eré àsápajúdé wu ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn léwu lójú ọ̀nà, ẹ̀bi ńlá ni ó jẹ. Abẹ́ òfin tí ó ní kí a má ṣe pànìyàn ni a kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé bíréèkì òun kò mú, tí ó sì kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ó rò ó dáadáa.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ wa ọkọ̀ tí ẹ tún ṣe yí ká àdúgbò ná, ní àárọ̀ kùtùkùtù tí ọ̀nà ṣófo. Ẹ tẹ bíréèkì wò, ẹ padà sílé, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.