Bí Ẹ́ńjìnnì Kò Bá Dúró Lórí Sílò



Bí a bá pààrọ̀ tọ́rótù, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, nínú píkọ́ọ̀pù onípẹtiróòlù, tí ó wá ń ké ju bó ti yẹ lọ tàbí tí ó ń kú bí a bá dúró, kí a má tíì ra òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí: bí ẹ bá gbọ́ ‘ṣìì’, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn rọ́bà tí a tú. Ẹ má fi pẹtiróòlù wá a o. Iná kì í ṣe ohun àmúṣeré! Ẹ wo bóyá orí wáyà rẹ̀ wọlé dáadáa.

Bí gbogbo èyí bá pé, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣì ń rántí èyí àtijọ́ tó ti dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi tuntun mọ̀ ọ́n, bí ìwé ọkọ̀ náà ti là á sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá kú lórí ìrìn, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á wúwo, bíréèkì á le. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Owó tí a fi òógùn kó jọ lẹ́yìn odi kò yẹ kó ṣòfò.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa.