KÒKÒRÒ TÍ ÒÒGÙN KÒ RÀN MỌ́
(Ọ̀rọ̀ Alága níbi ìpàdé ọdọọdún)

  Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gbogbo wa ni yóò fi ẹsẹ̀ ara wa délé o.

Ẹ ó rántí pé a sin ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa láìpẹ́ yìí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n rí lára wọn. A dáwó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ara sì ti ń mókun. Àmọ́ jẹjẹrẹ gan-an kọ́ ló mú wọn lọ. Kòkòrò àrùn kan wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Òògùn àkọ́kọ́ kò ràn án, ìkejì kò ràn án, ìkẹta náà kò ràn án.

A bi dókítà léèrè. Ó ní jẹjẹrẹ máa ń dí ọ̀nà èémí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kòkòrò á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Òògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan láti pa jẹjẹrẹ tún máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ọmọ-ogun ara. Òògùn apakòkòrò ló kù tí a gbójú lé. Bí òun náà kò bá ràn mọ́, wọn á dá ìtọ́jú jẹjẹrẹ dúró, jẹjẹrẹ á sì ráyè.

Kí ló mú kòkòrò gbó tó bẹ́ẹ̀? Alexander Fleming, tó ṣàwárí penisilíìnì ní 1928, kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé òògùn tí kò tó ìwọ̀n ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe là á já. Olè tí a nà díẹ̀ tí a fi sílẹ̀, bó bá padà wá, ó ti mọ ọwọ́ wa. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pa nǹkan bí ènìyàn 1,270,000 lágbàáyé ní 2019. Bí a bá fi iye ènìyàn wé e, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló ti burú jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìjọba wó ọjà òògùn Roxy ní Adjamé ní 2017, síbẹ̀ a ṣì ń ra kápúsù lójú títì. Nígbà tí àgbà wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àwa fúnra wa la fi owó ẹgbẹ́ ra kápúsù fún wọn, méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, fún oṣù mẹ́rin. Dókítà kò sọ pé kápúsù wa ló fà á. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin la fi ṣòfò kí wọ́n tó ya fọ́tò àyà. Ó ń dùn wá títí di òní.

Nítorí náà, a ti fẹnu kò:

1. Àpótí ìrànwọ́ kò ní ra òògùn apakòkòrò tí dókítà kò kọ mọ́. Òògùn apakòkòrò kì í wo ọ̀fìnkìn.

2. Ẹni tó bá wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kó sì ya fọ́tò àyà. Ẹgbẹ́ yóò yá a lówó.

3. Bí ibà bá mú ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ má mọ́ bá a nílé.

4. Ẹni tó bá lọ kí i, kó fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, kó fi fóònù kí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, a tún bẹ̀ yín: ẹ jáwọ́.

Ọlọ́run yóò fi ọ̀run kẹ́ àgbà wa. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.