Ìbéèrè Mẹ́sàn-án fún Ìfọ́n àti Ìlobùú

Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, ẹ̀yin ará Ìlobùú, ní 2025, ìjà ilẹ̀ jó ilé níbí, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Iná ti kú. Ẹni tí oorun kì í kùn mọ́ láti ìgbà náà ńkọ́?

Bí elétò ìlera bá ní ìbànújẹ́ ọkàn lè di àìsàn, ẹlòmíràn á ní: "Ṣé wèrè lẹ pè mí ni?" Rárá o. Ẹ̀rù yẹn yé mi: wọ́n ṣì ń wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ.

Ìwé ìbéèrè kan wà fún yíyẹ ìbànújẹ́ ọkàn wò, PHQ-9, tí èèyàn lè dá dáhùn ní yàrá rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ tí kò dùn mọ́ni mọ́. Máàkì rẹ̀ kò ju 27 lọ. Bó bá tó 10, ẹ lọ rí dókítà. Òun ló lè sọ bóyá àìsàn ni. Ní 2006, àwọn dókítà wa tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní Nàìjíríà: PHQ-9 wúlò fún wa.

Ìbéèrè ìkẹsàn-án dá lórí ìrònú ikú. Ẹni tí irú ìrònú bẹ́ẹ̀ bá ń wá sí lọ́kàn, bí máàkì rẹ̀ tiẹ̀ kéré, kó sọ fún ẹni tó fọkàn tán lónìí, kí wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn.