Ibà Tí Ó Ti Inú Oko Wọ Ìgboro
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín nítorí pé ọ̀rọ̀ eku ni mo gbé wá sí irú àwùjọ yìí. Eku tí mo ń wí kì í ṣe òkété tí a ń yan jẹ. Eku ńlá inú gọ́tà ni.

Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní leptospirosis. Kòkòrò rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé inú kíndìnrín eku láìpa eku náà lára. Ó ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ẹrẹ̀ àti omi. Egbò ẹsẹ̀, ojú tàbí ẹnu ni ó ń gbà wọ ara ènìyàn. Ara á gbóná, orí á fọ́, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa ro ni, ojú á sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bọ́ níbẹ̀. Lára àwọn ẹlòmíràn, ojú náà á tún pọ́n bí ọsàn, kíndìnrín á kọ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ ó ní ibà pọ́njú ni èyí. Ohun tí ọlọ́gbọ́n kan wí náà nìyẹn. Ní 1918, Hideyo Noguchi, ọ̀mọ̀wé ará Japan, rí irú kòkòrò yìí lára àwọn aláìsàn ní Guayaquil ní ilẹ̀ Ecuador, ó sì kéde pé òun ti rí ohun tí ó ń fa ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Iṣẹ́ tí Adrian Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Gold Coast àti ní Yaba, ní Èkó tiwa níhìn-ín, ní 1927 ni ó fi àṣìṣe náà hàn. Stokes mọ àìsàn eku dáadáa, nítorí ó ti rí i lára àwọn ọmọ-ogun nínú kòtò ogun Flanders. Ibà pọ́njú pa á ní Èkó ní ọdún 1927 kan náà; ó pa Noguchi ní Accra ní 1928.

Láyé ìgbà náà, àìsàn ẹni tí iṣẹ́ gbé wọ inú omi ni a kà á sí: awakùsà èédú ní Japan, níbi tí Inada àti Ido ti rí kòkòrò náà ní 1915, àgbẹ̀ ìrẹsì, àti ẹni tí ń gé ìrèké. Ṣùgbọ́n ẹ wo Salvador ní Bàhíà, ìlú tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ, tí a ń pè ní Nàgó. Láti oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá 1996, ènìyàn 326 ni àìsàn náà kọlù gidigidi níbẹ̀, 15 nínú ọgọ́rùn-ún sì kú. Wọn kì í ṣe àgbẹ̀. Àdúgbò tálákà ni wọ́n ń gbé, níbi tí gọ́tà kò ní ìdérí tí a kì í sì í kó ààtàn. Òjò rọ̀, àgbàrá wọlé, ó gbé ìtọ̀ eku dé ẹnu ọ̀nà wọn. Dengue ń jà lákòókò náà, nítorí náà òun ni àwọn dókítà kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ó di 2003, irú èyí tí ń da ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí hàn níbẹ̀, pípa rẹ̀ sì ju ti ìṣáájú lọ.

Ní 2015, Federico Costa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé lọ́dọọdún, ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ó ń mú ní gbogbo ayé, 58,900 sì ń kú. Ilẹ̀ olóoru bí tiwa ni ó pọ̀ sí jù.

Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ń bójú tó àdúgbò, ẹ mọ gọ́tà tí mo ń wí. Ẹ sì mọ̀ pé bí ibà bá mú ènìyàn lásìkò òjò, ibà ẹ̀fọn ni a ó wí, a ó sì dá a dúró sílé. Penicillin àti doxycycline, oògùn tí kò ṣọ̀wọ́n, ni a fi ń wo àìsàn eku, bí a bá tètè lò ó. Nítorí náà, kí aláìsàn sọ fún dókítà pé òun fi ẹsẹ̀ tí ó légbò rìn nínú àgbàrá. Bí kò bá sọ ọ́, dókítà lè máà bi í.