Ọ̀nà Èéfín Ọkọ̀ Kò Gbọdọ̀ Dí

Ẹ̀yin ará Glei, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì! Ọ̀rọ̀ ọ̀pá èéfín ọkọ̀ ni a ó jọ sọ.

Títì ńlá láti Lomé sí Atakpamé gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ẹ máa ń rí ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè gun òkè Atakpamé. Awakọ̀ á ní epo ni kò dára. Á pààrọ̀ epo, á ra púlọ́ọ̀gì, owó á lọ, àrùn á kù. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà èéfín ni ó dí.

Ẹ wo ilé ìdáná. Bí ẹ bá dí ibi tí èéfín ń gbà jáde, ṣé iná á jó dáadáa? Rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnì. Iṣẹ́ 4 ló ń ṣe: ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó ń fún wọn pọ̀, ó ń jó wọn, ó sì ń ti èéfín jáde. Bí èéfín kò bá jáde tán, afẹ́fẹ́ tuntun kò ní ráyè wọlé. Agbára á dínkù, epo á máa tán kíákíá, ẹ́ńjìnì lè kú lójú ọ̀nà.

Kí ló ń dí i? Ẹrẹ̀ tó wọ ẹnu ọ̀pá. Òkúta tó tẹ ọ̀pá pa. Irin inú sàlẹ́ńsà tó dípẹtà tó já. Agbọ́n tó kọ́lé sínú ọkọ̀ tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tún ní ohun kan lábẹ́ tó ń fọ èéfín, inú rẹ̀ dà bí afárá oyin. Bí púlọ́ọ̀gì kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, epo tí kò jó á lọ gbiná níbẹ̀, afárá náà á yọ́, á sì dí.

Ewu tó tóbi jù nìyí: èéfín tí kò rí ọ̀nà ẹ̀yìn lè gba ojú ihò wọ inú ọkọ̀. Kábọ́nù mọnọ́ksáìdì wà nínú rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó ń pààyàn. Orí á máa fọ́ èrò, òòyì á máa kọ́ wọn, oorun á gbé wọn lọ, wọ́n sì lè má jí mọ́.

Nítorí náà:
Ẹ wo ẹnu ọ̀pá kí ẹ tó tan ọkọ̀ láàárọ̀.
Ẹ má lu ọ̀pá tó dí, ẹ má gé e: abẹ́ ẹsẹ̀ èrò ni èéfín ń lọ yẹn.
Ẹ kọ́kọ́ tún ohun tó fa dídí ṣe, kí ẹ tó ra tuntun.
Ẹ má tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ nínú ilé tí a tì.
Bí orí bá ń fọ́ èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbé ẹni tó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwọ tí o mọ̀wé kà, ka ọ̀rọ̀ yìí fún awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀mí gbogbo wa ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀.